Àrọ́bá Ni Baba Ìtàn: Olùkọ́ àti Òṣèré Láàárín Àwọn Júù àti Yorùbá

“Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá ni baba ìtàn.” Òwe yìí ni àgbà máa ń pa nígbà tó bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, tí ẹnìkan sì ń bi í bóyá ó ṣojú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í bá ẹni tó ṣojú rẹ̀ wọ sàárè, bí ẹni tó gbọ́ ọ bá ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òwe náà kò sọ ọ̀nà tí àrọ́bá máa ń gbà dé etí ọmọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ àti ti òṣèré ti pàdé, àwọn Júù sì wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀ jù lọ.

Lálẹ́ Àjọ Ìrékọjá, ìdí oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni yóò béèrè ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ yòókù. Ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe kúrò ní Íjíbítì ni ìdáhùn rẹ̀. Wọn a jẹ ewébẹ̀ kíkorò nítorí ìyà oko ẹrú, wọn a ki ewébẹ̀ mìíràn bọ omi iyọ̀ nítorí omijé, wọn a jẹ àkàrà aláìwú nítorí ìkánjú ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà ti fi ahọ́n tọ́ ìtàn ìran rẹ̀ wò.

Nígbà ọdún Púrímù, wọn a ka Ìwé Ẹ́sítérì sókè nínú sínágọ́gù. Bí òǹkàwé bá ti dárúkọ Hámánì, ẹni tó fẹ́ pa àwọn Júù run nínú ìwé náà, tọmọdé tàgbà a máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì-gbì, wọn a pariwo títí orúkọ ọ̀tá náà yóò fi rì. Àwọn ọmọdé a múra bí Ẹ́sítérì tàbí Módékáì, àgbà a sì ṣe eré ẹ̀fẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ wà lára gbòǹgbò tíátà èdè Yídíìṣì, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Abraham Goldfaden, tó ti ṣe olùkọ́ rí, ló dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó fi tíátà náà ṣe iṣẹ́ jẹun sílẹ̀ ní ìlú Iași, lórílẹ̀-èdè Romania, lọ́dún 1876.

Ìtàn àwọn Júù dé ilẹ̀ Yorùbá láti ojú ọ̀nà méjì. Ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, ọmọ kéwú mọ Mùsá àti Yúsúfù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìkòròdú tàbí ti Ijede nítòsí rẹ̀, Mósè àti Jósẹ́fù ni wọ́n ń jẹ́, láti inú Bíbélì Yorùbá tí odidi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Láti orí pẹpẹ ni ìtàn wọ̀nyí ti bọ́ sórí ìtàgé.

Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ti ṣe tíṣà, ó ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́pàá ni ní 1944, nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní kó ṣe eré fún àwọn. Eré lórí ọgbà Édẹ́nì ló ṣe, gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n sì ti wò ó ní oṣù Okúdù. Ṣáájú rẹ̀, eré ṣọ́ọ̀ṣì kò fi bẹ́ẹ̀ ju orin kíkọ lọ. Ogunde fi ijó àti ìṣesí sí i, ó jẹ́ kí ẹni inú ìtàn rìn, kó jà, kó sunkún lójú òǹwòran. Ní 1945 ó gbé eré jáde lórí Ísírẹ́lì ní Íjíbítì. Ọdún kan náà ló ṣe Strike and Hunger, lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe lọ́dún náà. Kò jọ èèṣì rárá. Òṣèré tó ti gba ẹnu Mósè bá Fáráò wí ti mọ bí a ṣe ń bá amúnisìn sọ̀rọ̀.

Ní Òṣogbo, ọmọ kátíkíìsì ni Dúró Ládípọ̀, tíṣà sì ni òun náà. Ní 1961 ó fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọ̀pọ̀ ará ìjọ kò sì dùn sí i. Ẹni tó dúró tì í ni Ulli Beier, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà Júù ní Jámánì, tí ìdílé wọn sì kó lọ sí Palẹ́sítínì nígbà ìjọba Hitler. Beier dé Ìbàdàn ní 1950 láti wá kọ́ni ní yunifásítì; kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà káàkiri ìlú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1962, òun àti Ládípọ̀ ṣí Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà, ní Òṣogbo pẹ̀lú eré Ọba Mọ́rò. Ọba Kò So, eré lórí Ṣàngó, tẹ̀lé e ní 1963. Nígbà tó fi di 1964, Ṣàngó ti jó ní Berlin, ní orílẹ̀-èdè tí Beier ti sá kúrò ní ọmọdé. Iṣẹ́ olùkọ́ tó ga ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n: Beier kò kọ́ Ládípọ̀ ní àṣà Yorùbá, ó kàn rí i dájú pé ẹni tó ni àṣà rí àyè ṣe é.

Èdè Yídíìṣì fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nítorí púpọ̀ nínú mílíọ̀nù mẹ́fà Júù tí ìjọba Hitler pa ló ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré Folksbiene, tó ti wà ní New York láti 1915, ṣe eré olórin Fiddler on the Roof ní Yídíìṣì ní 2018. Ọ̀pọ̀ òṣèré inú rẹ̀ ni kò gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀. Ṣe ni wọ́n kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè sọ ọ́ lórí ìtàgé.

Ọdún 2018 yìí kan náà ni Gómìnà Akinwunmi Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin náà kan Ijede bó ṣe kan Ìkẹjà. Ìtàn tó yẹ ní kíkọ́ kò sì jìnnà: Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Kayọ̀káyọ̀ ní ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Ìwé kíkà àti ìdánwò nìkan kò lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọ ọkàn ọmọ. Kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Ijede pe onílù, apàlọ́ àti akéwì ìlú wọn wọ kíláàsì, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn.