Irinwó Ènìyàn Nínú Ogún Agbo Ilé

Ẹni tó bá ṣí iṣẹ́ ìwádìí saikọ́lọ́jì láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa kì í pẹ́ kó tó bá 400 pàdé. Orí kẹta ló sábà máa ń wà, níbi tí olùwádìí ti ń ṣàlàyé bó ṣe mọ iye ènìyàn tí yóò fún ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè. Taro Yamane ni wọ́n ń pè ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ìlànà kan tó wà nínú ẹ̀dà kejì ìwé ìṣirò rẹ̀, ti 1967. Ẹ mú 0.05, ìyẹn àṣìṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí a gbà láyè, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi èsì rẹ̀ sọ iye ará ìlú di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, kí ẹ wá fi gbogbo rẹ̀ pín iye ará ìlú. Ìlú tó ní 30,000 ènìyàn yóò fún yín ní 395. Èyí tó ní 300,000, 399. Tí ẹ bá tilẹ̀ kó 3,000,000 jọ, kò ní ju 400 lọ. Nítorí náà, Ọ̀yọ́ gba 400, Ògbómọ̀ṣọ́ gba 400, odindi ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba 400. Irinwó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di irinwó irúnmọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè ibi tó ti wá. Ìṣirò náà kò ní àbùkù. Ohun tó ní ni májẹ̀mú kan tí a máa ń fò dá: pé a ṣẹ́ kèké yan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí yíyan ẹnìkan kò kan yíyan ẹnìkejì. Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ní ìlú méjèèjì yìí, májẹ̀mú náà kì í ṣẹ.

Agbo ilé ni wọ́n fi kọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó ní àwọn ọdún 1830, ìdílé ìdílé ni àwọn ènìyàn ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ogun Fúlàní ń lé àwọn ará ìletò wọ inú rẹ̀. Títí dòní, oríkì, èèwọ̀, nígbà mìíràn iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá, ń bá agbo ilé rìn. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ tó kó fọ́ọ̀mù wọ irú agbo ilé bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa àrùn ọpọlọ. Ó kúnlẹ̀ kí baálé. Baálé ní kí wọ́n gbé àga fún un, ó sì ránṣẹ́ pe ará ilé. Ogún ènìyàn jókòó yí i ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi ẹni àkọ́kọ́ bóyá ó lè gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹni tó ti ya wèrè rí, tí ara rẹ̀ sì ti yá. Kí ẹni náà tó la ẹnu, baálé ti dáhùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ó parí. Fọ́ọ̀mù 20 ló kún. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé 20, 400 pé. Ẹ̀rí mélòó ló wà nínú wọn? Ilé ẹjọ́ kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kejì jókòó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kìíní.

Leslie Kish ti fi iye sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1965. Ó wo bí àwọn tó wà nínú agbo kan náà ṣe jọra tó: bí wọn kò bá jọra ju ará ìta lọ, òdo, bí gbogbo wọn bá dà bí ẹnìkan, 1. Ká ní ìjọra náà kò ju 0.05 lọ, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Nínú 20, ẹ yọ ẹnìkan, ó ku 19. 19 lọ́nà 0.05, ẹ fi 1 kún un, ó di 1.95. Ẹ fi pín 400, 205 ni yóò ṣẹ́kù. Ká ní ó tó 0.2, bó ti ṣeé ṣe kó rí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti èèwọ̀, irinwó á di 83, àṣìṣe tí a pè ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 11. Àwọn tó ń sọ pé àwọn kò wá ìdá ọgọ́rùn-ún, pé bí ohun kan ṣe bá òmíràn tan ni àwọn ń wá, kò bọ́ níbẹ̀ o. Ìṣirò tó ń sọ fún wọn pé èsì wọn kì í ṣe èèṣì, orí 400 náà ló ń kà.

Ẹ gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ tí Oye Gureje àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ 21 ní Nàìjíríà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ìpele ìpele ni wọ́n fi yan àdúgbò àti ilé. Tábìlì tí Kish yìí kan náà ṣe ni wọ́n sì fi mú ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti ṣe rí láyé wọn, àwọn fúnra wọn sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí iye náà kéré sí òótọ́. Yíyan ènìyàn dáadáa kì í wo ìtìjú sàn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ibi tí àbùkù wà.

Àwọn kan á ní kò sí àkọsílẹ̀ ilé tí a lè fi ṣẹ́ kèké, pé ìkànìyàn tó kẹ́yìn jẹ́ ti 2006. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, láti 1992, àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé arúgbó wọ ilé dé ilé láti ṣe àkọsílẹ̀ tiwọn. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi bá a ṣírò rẹ̀. (Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1969 tí Ghana lé àwọn àjèjì, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò padà wálé, ìbá ṣiṣẹ́ dáadáa.) Iṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ní 2001 pé àrùn náà ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó lọ́dún níbẹ̀, nígbà tó ń mú 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, tí ayé sì gbọ́.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní Yorùbá kì í dá ronú: pé àgbà ló ń sọ̀rọ̀ fún ilé, pé mímú ẹnìkan jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi í ní tirẹ̀, àṣà òyìnbó ni. Mo gbà á ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí ohùn ilé bá jẹ́ ọ̀kan, kí a kà á ní ọ̀kan. Agbo ilé 20, ohùn 20. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí baálé sọ̀rọ̀ fún ilé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di ti ẹni 20 nígbà tó dé inú kọ̀ǹpútà.

Ó ku owó. Fọ́ọ̀mù kò ní láti lé: 400 náà ni, ní agbo ilé 100, ẹni mẹ́rin mẹ́rin. Ní ìjọra 0.05, ó tó 348, ní 0.2, 250. Owó ọ̀kadà ló máa pọ̀ sí i, àti ìkíni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí apá rẹ̀ kò bá ká 100, kó ṣe 50, kó sì kọ 50 náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 400, kí ẹni tó ń kà á lè ṣe ìṣirò tirẹ̀.