Ọ̀pẹ Inú Ìkòkò ní Kubwa

Ọ̀pẹ inú ìkòkò kì í ṣe àṣà àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe ti àwọn Gbagyi tó ni Kubwa, ní Abuja. Inú oko ni ọ̀pẹ àwọn baba ńlá wà. Epo, ẹmu, ìgbálẹ̀, òrùlé àti ikin Ifá ni wọ́n ń wá lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e wọ yàrá torí kó lè máa wò ó. Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Nígbà tí èso kan tí ewé orí rẹ̀ jọ ti ọ̀pẹ dé láti òkè òkun, òun ni wọ́n sọ ní ọ̀pẹ òyìnbó. Ọ̀pẹ tó wá láti òkè òkun lóòótọ́ dé lẹ́yìn náà, orúkọ ti tán. Areca ni wọ́n ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, Madagascar ló sì ti ṣẹ̀ wá.

Ìgò kan ní London ló la ọ̀nà fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ní 1829, dókítà kan tó ń jẹ́ Nathaniel Ward fi kòkòrò tí yóò di labalábá sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú ìgò, ó sì dé e pa. Kò pẹ́, ewéko hù nínú iyẹ̀pẹ̀ náà. Èéfín èédú ti ń pa irú ewéko yìí mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ọgbà rẹ̀, àmọ́ nínú ìgò, omi tó gbéra nílẹ̀ lọ́sàn-án ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, ó sì ń kán padà sórí iyẹ̀pẹ̀. Ní 1833, ó kó ewéko sínú àpótí onígíláàsì, ó fi ọkọ̀ ojú omi rán wọn lọ sí Sydney, wọ́n sì gúnlẹ̀ láàyè. Ṣáájú ìgbà náà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ ewéko lójú òkun. Ohun tí àpótí Ward fi hàn ni pé ọ̀tọ̀ ni omi tí ewé ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí gbòǹgbò ń fẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ni ọ̀pẹ máa ń kú mọ́ lọ́wọ́.

Ọdún 1848 ni wọ́n parí Ilé Ọ̀pẹ tí wọ́n fi irin àti gíláàsì kọ́ sí Kew, lẹ́bàá London. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ọ̀pẹ mẹ́rin, ìran ọ̀pẹ elépo ti Áfíríkà, dé ọgbà Bogor ní erékùṣù Java. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ wọn ṣe, wọ́n ń gbìn wọ́n sẹ́bàá ọ̀nà nínú oko tábà ní Deli, ní Sumatra. Ọdún 1911 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oko ńlá rẹ̀ níbẹ̀ nítorí epo. Ọ̀pẹ tí ará Ìbàdàn kì í bojú wò lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń fi ṣẹwà lọ́hùn-ún, ti Madagascar sì ni wọ́n ń fowó rà ní Kubwa.

Ní Èkó, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta ní 1887. Irúgbìn tó lè mówó wọlé ni ìjọba ń lé níbẹ̀, kì í ṣe ẹwà. Síbẹ̀, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títọ́ irúgbìn lábẹ́ ibòji kí ó tó lọ sí oko ti fìdí múlẹ̀, iṣẹ́ yìí náà ni olódòdó òde òní ń ṣe.

Kubwa tó ń ra òdòdó kò tíì pẹ́. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ṣe alága rẹ̀ ló dábàá àárín orílẹ̀-èdè fún olú-ìlú tuntun, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú, wọ́n ṣí àwọn Gbagyi kan kúrò ní Maitama wá sí Kubwa. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wọn sì wá ilé sí Kubwa. Ẹni tó bá ní báráńdà á fẹ́ ohun tútù síbẹ̀, àwọn olódòdó sì to ọjà wọn sẹ́bàá títì nínú ọ̀rá dúdú. Àmọ́ etíkun ìlà-oòrùn Madagascar, níbi tí Areca ti wá, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Ní Kubwa, òjò ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ á sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pẹ tó sorí kọ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ àti èyí tí omi ti pọ̀ jù fún, bákan náà ni ewé wọn ń rọ, torí gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, bó tilẹ̀ jókòó sínú omi. Olówó rẹ̀ á rí i pé ó rọ, á bu omi sí i. Á túbọ̀ rọ, á tún bù sí i. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ewé lókè, omi ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Ó jọni lójú pé ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́rúwà, àpọ̀jù omi ló tún ń pa òdòdó.

Ìka ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọn á tì í bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí ìkòkò sì fúyẹ́, òǹgbẹ ni. Bó bá tutù, tó wúwo, tó ń rùn bí ẹrẹ̀, wọ́n ní láti fà á yọ kí wọ́n wo gbòǹgbò. Èyí tó yè máa ń funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, ó sì le. Èyí tó jẹrà ti dúdú, èèpo rẹ̀ á yọ́ bọ́ sọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, á ku fọ́nrán tín-ín-rín kan láàárín. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ewé nìkan ló gbẹ, ọyẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù tàbí iyọ̀ inú ajílẹ̀ àti omi ló fà á.

Ti màrìwò ló le jù. Àwọn adẹ́mu ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé orí kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ní. Bí orí yẹn bá kú, igi náà parí. Bí wọ́n bá rọra fa màrìwò, tó yọ, tí ìdí rẹ̀ ti rà tó ń rùn, kò sí oògùn mọ́ fún igi yẹn. Areca tilẹ̀ sàn díẹ̀: igi púpọ̀ ló máa ń jáde láti ìdí kan, ọ̀kan lè kú kí ìyókù yè.

Ti òǹgbẹ kò le: wọn á gbé ìkòkò sínú báfù omi fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, wọn á sì jẹ́ kó ro dáadáa. Fún gbòǹgbò jíjẹrà, wọn á fi ọ̀bẹ mímọ́ gé èyí tó bàjẹ́ kúrò, wọn á tún igi náà gbìn sínú ilẹ̀dú tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn odò, nínú ìkòkò tó nihò nísàlẹ̀ tí kò sì tóbi púpọ̀ ju gbòǹgbò lọ, torí ìkòkò ńlá ń dá omi dúró. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń dà sísàlẹ̀ ìkòkò kò lè rọ́pò ihò. Ibòji tó mọ́lẹ̀ ló yẹ é, kò sì gbọdọ̀ rí ajílẹ̀ kó tó yọ ewé tuntun. Ewé tó ń pọ́n, kí wọ́n má gé e kó tó gbẹ tán, torí igi ń fa èròjà inú rẹ̀ padà. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n lè to àwọn ìkòkò sún mọ́ra, kí wọ́n sì máa fi aṣọ tútù nu eruku ojú ewé.

Ewé tó ti rọ tó sì gbẹ kì í tún dìde, nítorí náà kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò. Wọn á fi bírò fa ìlà kan sára màrìwò, ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ewé tó yí i ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà náà bá ti gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò ti ń ṣiṣẹ́.