Láti Inú Páálí Bàtà dé Ojú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwa tí iṣẹ́ wa dá lé ohùn ẹnu mọ èyí dájú: bí ohùn bá yẹ̀, ìtumọ̀ yẹ̀ nìyẹn. Igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í ṣe igba, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ tún wà lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìtàn ìtọ́jú ọ̀rọ̀ wò.

Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mú un gbòòrò ní 1852. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Ìwé atúmọ̀ èdè ti C.M.S. jáde ní 1913, ti R. C. Abraham sì tẹ̀lé e ní 1958.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè ti ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ègé bébà, tí wọ́n ń tò ó sínú páálí bàtà. Nígbà tí àjọ SIL ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1980, Shoebox ni wọ́n sọ ọ́. Páálí bàtà náà ni.

Láyé ijọ́un, àṣẹ la ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ lẹ́tà lẹ́tà. Xerox Alto ti 1973 lo fèrèsé, àwòrán àti máòsì; Macintosh sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ará ọjà ní 1984. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ á to ọ̀rọ̀ sápá òsì, á fi àyè ìtumọ̀, ìlú àti ẹni tó sọ ọ́ sápá ọ̀tún, á sì ṣe bọ́tìnnì fún lẹ́tà alámì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! ASCII ti 1963 kò ní ju àyè 128 lọ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Unicode tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ló tún un ṣe. Síbẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ́ kò ní. Lẹ́tà àti àmì la ó so pọ̀. Ẹnìkan lè fi àmì òkè ṣáájú, ẹlòmíràn á fi ti ìsàlẹ̀ ṣáájú. Ojú á rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á ka méjì. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ á gbọ́ pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀! Nítorí náà, kí ètò sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan kó tó tọ́jú rẹ̀. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ g ló ń wá.

Kí ẹ̀rọ má bà wá lẹ́rù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé. Bíìtì mẹ́jọ báìtì náà rí bẹ́ẹ̀. Iye ìrísí méjèèjì jẹ́ 256.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀ ló yẹ kó bọ́ sí gbangba. Kí ètò náà ní àyè tí a ó ti kọ ẹni tó fúnni láṣẹ, àti èyí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín awo. Àgbà tó bá lọ láìsọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a lọ ni. Èyí tí a sì kọ láìfi àmì sí, a kò tíì tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì wà.