Fọ́tò, Ère àti Orúkọ: Ìtàn Àwòrán Ìgbésí Ayé Ìlú ní Àríwá Èkìtì àti ní Ìlá

   

Ẹlẹ́rìí Ìpín ni a ń pe Ọ̀rúnmìlà, nítorí pé ojú rẹ̀ ni olúkúlùkù ṣe yan ìpín tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni mo bá wá. Ẹlẹ́rìí kan ń bẹ lára ògiri yàrá àlejò wa tí a kì í sábà bi léèrè ọ̀rọ̀: òun ni fọ́tò àtijọ́, dúdú àti funfun, tí àwọn ayàwòrán ìlú wa yà fún àwọn bàbá àti ìyá wa. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn pé ọmọ ilé ni fọ́tò jẹ́ nínú ìṣẹ̀ṣe wa, kì í ṣe àlejò. Mo sì fẹ́ sọ ohun tí ó ń pa á lára báyìí.

Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò ní ìlú Paris. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni George S. A. da Costa, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1920 nípa àwọn ènìyàn àti òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti Èkó ni iṣẹ́ náà ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí tí ìlú tí ó ní ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ fi ní ilé fọ́tò tirẹ̀.

Kí fọ́tò tó dé, a ní ọ̀nà tí a ń gbà rántí ẹni. A ní oríkì fún etí, a ní ère fún ojú, a sì ní ẹsẹ Ifá tí í sọ ẹni tí ó dífá, ibi tí ó ti dá a, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, dé Ìdó, títí kọjá ààlà Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ère gbilẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Èpa. Orí kan ṣoṣo tí a gbẹ́ lára odindi igi ni agbéèpa máa ń gbé jó: ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìkòkò tí ó ní ojú, òkè rẹ̀ jagunjagun lórí ẹṣin tàbí abiyamọ tí ọmọ yí ká. Àárín àwọn ìlú wọ̀nyí náà ni Àrẹògún ará Ọ̀sí àti Bámgbóyè ará Odò-Ọwá ti gba orúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n títí dòní.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa máa fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn ṣe ohun tí ilé ìjọsìn yóò lò. George Bándélé, ọmọ Àrẹògún, wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ bíbí Ìlá Ọ̀ràngún, tí ìdílé wọn ti ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n Carroll ti ń ya fọ́tò àwọn agbẹ́gilére àti ère wọn. Ó kó púpọ̀ nínú ohun tí ó rí sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1967.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: kò sí lára àwọn ọmọ ìṣẹ̀ṣe. Síbẹ̀, ó ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kò ṣe. Ó bi àwọn ènìyàn léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ikán ti jẹ òmíràn nínú àwọn ère àtijọ́, iná jó òmíràn, owó sì kó òmíràn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Èyí tí a bá fọ́tò rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ nìkan ni a lè nàka sí pé tiwa ni.

Bí Làmídì ti ti Ìlá wá sí Ọ̀yẹ́ láti kọ́ ère, bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà gba ọ̀nà kan náà padà sí Ìlá láti kọ́ nípa fọ́tò, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú kékeré dáadáa. Ní ọdún 1975, Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, dé Ìlá Ọ̀ràngún. Kò wá fi kámẹ́rà tirẹ̀ kọ́ wọn níṣẹ́. Ó wá wo ohun tí àwọn ọmọ ìlú ń fi tiwọn ṣe. Ohun tí ó rí nínú àwọn ilé fọ́tò bíi Sir Special Photo àti Simple Photo jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní ọdún 1978.

Ó ṣàkíyèsí pé bí àgbàlagbà bá fẹ́ ya fọ́tò, ìjókòó rẹ̀ ní ìlànà. Yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, aṣọ yóò bolẹ̀ títí àpótí ìjókòó kò fi ní hàn, ojú rẹ̀ yóò sì tutù. Ohun tí a fi mọ ipò rẹ̀ yóò wà lára tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ère mọ ìjókòó yìí: ìgúnwà ni. Kò sí ẹni tí ó ti òkèèrè wá kọ́ ayàwòrán ní èyí. Ojú tí agbẹ́gilére fi ń wo ọlá náà ni ayàwòrán fi wò ó. Bí babaláwo bá jókòó pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ àti ìdè ọwọ́ rẹ̀, oríkì ni fọ́tò náà ń kì, bí kò tilẹ̀ lóhùn.

Ẹ̀rí tí ó jinlẹ̀ jù lọ wà lórí ọ̀rọ̀ ìbejì. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a máa ń gbẹ́ ère sí ipò rẹ̀, ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fún un lóńjẹ, kí èyí tí ó kù má baà tẹ̀lé ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, òmíràn kò fẹ́ kí wọ́n rí ère nílé òun mọ́. Ìfẹ́ ìyá kò sì yí padà. Ilé fọ́tò ni òmíràn nínú wọn gbà lọ.

Bí Táíwò bá ti lọ, ayàwòrán á ya Kẹ́hìndé nìkan. Nígbà tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá òkùnkùn, á bo ìdajì ìwé, á tẹ àwòrán náà sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà á yí i padà, á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwé náà bá gbẹ, ọmọ méjì ni yóò jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni ọ̀kan, tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ méjèèjì fún èyí tí ó kù ní ìtẹ̀léra, wọ́n á sì yà á lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò yìí á wà lára ògiri, ó sì lè gba ipò ère nínú ìtọ́jú ìbejì. Ẹ̀sìn lè yí orúkọ padà nínú ilé, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀jìrẹ́ kò kúrò lọ́kàn ìyá.

Ìdí nìyí tí mo fi pe ayàwòrán ìlú ní ọmọ ilé. Ó mọ ìdí tí ìyá fi wá. Ó sì mọ ibi tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ wọ̀. Nínú ọdún, ìta gbangba ni tirẹ̀: ìlù, ijó, ọba lórí ìtẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ti inú igbódù, inú igbódù ni í gbé.

Kí wá ni ó ń pa ẹlẹ́rìí yìí lára? Òjò àti ikán wà níbẹ̀, àmọ́ ìgbàgbé ni olórí ọ̀tá. Bàbá kú, wọ́n tún ilé kun, wọ́n sọ àwọn fọ́tò kalẹ̀ láti ara ògiri. Ọmọ tí ó ti ìlú ńlá dé bèèrè pé, “Ta nìyí?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí ti ya odi. Fọ́tò tí kò ní orúkọ dà bí odù tí a kò mọ ẹsẹ rẹ̀: a rí ojú rẹ̀ lórí ọpọ́n, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Bìní ṣe. Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní ọdún 1911, ni ó di ayàwòrán ààfin Ọba Bìní. Ó ṣí Ideal Photo Studio ní ọdún 1942, ó sì kú ní ọdún 1994. Wọ́n kó àwòrán rẹ̀ jọ, wọ́n pàtẹ wọn ní Washington ní ọdún 2014, wọ́n sì pàtẹ wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní fúnra rẹ̀ ní ọdún 2017. Níbẹ̀ ni ọmọ ti lè dúró níwájú ògiri kí ó sì dá òbí rẹ̀ mọ̀. Bí ti Alonge bá yẹ ní títọ́jú, ti àwọn ayàwòrán Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó náà yẹ.

Nítorí náà, kí ọdún yìí tó parí, mo bẹ̀ yín ní iṣẹ́ kan. Ẹ sọ fọ́tò kan kalẹ̀ nílé yín, ẹ gbé e tọ àgbà tí ó dàgbà jù lọ nínú ẹbí. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: ta ni wọ́n yà? Níbo ni? Ọba wo ni ó wà lórí oyè nígbà náà? Ta ni ó yà á? Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ ilé fọ́tò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ rọra fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi bírò kọ ọ́, nítorí yíǹkì a máa jẹ ìwé. Ẹ fi fóònù gba ohùn àgbà náà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ọmọ ayàwòrán tí ó ní àpótí fíìmù bàbá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó má dà á nù.

Iṣẹ́ awo ni èyí. Àwa tí a lè ka orúkọ àwọn awo tí wọ́n dífá láyé àtijọ́ láìsí ìwé lọ́wọ́, kò yẹ kí orúkọ ìyá tí ó bí wa sọnù lẹ́yìn gíláàsì. Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí a rántí, kí a sì rí ẹni tí yóò rántí wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.