“A Ò Rí I Mọ́” Kì Í Ṣe “Ó Ti Tán”: Ìtàn Àyẹ̀wò Àṣẹ́kù Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀

Àgbẹ̀ tó bá ti ro oko èkan rí ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́ lójú, gbòǹgbò lè wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rí.

Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí kírómósómù kékeré kan tó ṣàjèjì lára àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí à ń pè ní CML. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ yìí. Ní 1973, Janet Rowley ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀: kírómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ló gé, tí wọ́n sì pààrọ̀ ara. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni jíìnì BCR-ABL ti jáde, òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ láìdúró.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó lè fa àrùn yìí tu tigbòǹgbò ni kí wọ́n fi mùdùnmúdùn inú egungun ẹlòmíì rọ́pò ti aláìsàn. Iṣẹ́ yìí ni E. Donnall Thomas fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ṣẹ́ kù? Àyẹ̀wò PCR ló dáhùn, torí ó lè rí sẹ́ẹ̀lì burúkú 1 láàrin 100,000. Ní 1995, Jerald Radich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle fi hàn pé nínú àwọn tí PCR ṣì rí BCR-ABL lára wọn ní oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn ìrọ́pò, àrùn náà padà sára 42 nínú 100. Nínú àwọn tí kò rí i lára wọn, 3 péré ni.

Nílé wa ńkọ́? Láti 2003 ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn tó ní CML ní oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Oògùn yìí náà nílò PCR: bí BCR-ABL bá wálẹ̀ dé 0.1%, oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá tún ń gòkè, ewu ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́ àti Iléṣà lèèyàn máa gbà kọjá kó tó dé Ifẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá lè ro ìrìn yẹn kó jókòó sílé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ èdè. Bí dókítà bá sọ pé “a ò rí i mọ́,” tí ògbufọ̀ wá sọ fún ìyá àgbà pé “ó ti tán,” ìyá lè da oògùn nù. Àṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ká lò: ohun tó ṣẹ́ kù tí ojú kò rí.

Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò káàkiri Nàìjíríà lè ṣe àyẹ̀wò BCR-ABL náà láàrin wákàtí mẹ́ta, bí katiríìjì rẹ̀ bá wà. Ohun tó yẹ kí gúúsù Èkìtì máa béèrè fún nìyẹn.