Téèpù Lára Ọmọ Ogun: Láti Orí Ìwọ̀n Àyà Dé Orí Ìwọ̀n Ikùn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò jìnnà sí wa. Ní Lokoja níbí ni wọ́n ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, tí wọ́n sì fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà sì bọ́ sínú West African Frontier Force tí Lugard kó jọ. Òkúta ìrántí àwọn tó bá ogun àgbáyé lọ ṣì wà láàárín ìlú. Ìlú ṣójà ni ìlú wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa ṣì ń fẹ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni ìtàn téèpù tí wọ́n ń fà yí ara ẹni ká.

Láyé ọjọ́un, gíga àti àyà tó fẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Síbẹ̀, ìwọ̀n náà kò dúró lójú kan. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1914, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 3 ni gíga tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, wọ́n gbé e dé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 6 ní oṣù kẹsàn-án. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti dá a padà sí ti àkọ́kọ́, torí wọ́n tún ń wá ènìyàn. Ẹni tí wọ́n lé lánàá di ẹni tó yẹ, bẹ́ẹ̀ kò ga sí i! Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìkéde gbígba ọlọ́pàá ti béèrè léraléra pé kí àyà ọkùnrin tó sẹ̀ǹtímítà 86 nígbà tó bá fa èémí sínú.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé gíga àti ìwúwo ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1942, Albert Behnke, dókítà ọmọ ogun ojú omi, àti Welham ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn 25 tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun. Nínú wọn, 17 ni ìwé yẹn ì bá kọ̀ pé wọ́n wúwo jù fún iṣẹ́ ogun. Behnke wọ̀n wọ́n lábẹ́ omi, nítorí ọ̀rá fúyẹ́ ju omi lọ, iṣan àti egungun sì wúwo jù ú lọ. Iṣan ló pọ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ wo àwọn alábàárù tó ń já ẹrù létí odò wa, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé agbada omi lọ sí gbogbo bárékè? Ní 1981 ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ọ̀rá ara ni kí wọ́n máa wò. Ní 1984 Hodgdon àti Beckett, ní San Diego, gbé ìṣirò téèpù jáde. Fún ọkùnrin, wọ́n á wọn ọrùn, wọ́n á wọn ikùn, wọ́n á yọ ti ọrùn kúrò nínú ti ikùn, wọ́n á sì fi gíga rẹ̀ ṣírò. Fún obìnrin, wọ́n á ro ìbàdí níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù pọ̀ mọ́ ìdí níbi tó ti tóbi jù, kí wọ́n tó yọ ọrùn. Ikùn ni ọkùnrin ń kó ọ̀rá sí jù. Ọrùn tó ki sábà máa ń jẹ́ ti oníṣan.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọmọkùnrin ọdún 25, gíga rẹ̀ íńṣì 68, ọrùn 15, ikùn 36: ìṣirò náà á fún un ní ìdá 22 nínú 100. Ìdá 22 yìí gan-an ni òpin tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún fún ọkùnrin ọdún 21 sí 27. Tí ẹni tó ń wọ̀n bá dẹ téèpù díẹ̀, tí ikùn di 37, ọmọ náà ti di 24 nìyẹn. Télọ̀ kankan ní Natako lè jẹ́rìí bí íńṣì kan ṣe rọrùn tó láti ṣì. Ìwádìí Hodgdon àti Beckett fúnra wọn fi hàn pé ìdáhùn téèpù lè fi bí 3 sí 4 yàtọ̀ sí ti abẹ́ omi.

Ẹ̀rù íńṣì kan yìí ló ń mú àwọn mìíràn fi náílọ́ọ̀nù di ikùn kí wọ́n lè làágùn, tí wọn kì í mu omi títí ọjọ́ ìwọ̀n á fi kọjá. Ẹ̀yin òbí, omi ló ń jáde bẹ́ẹ̀, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀ níbi eré sísá.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà ti dúró níwájú téèpù yẹn. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ètò MAVNI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 tó sì dópin ní 2016, fi ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè sí iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta 2023, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ níbẹ̀ pinnu pé ẹni tó bá gba máàkì 540 nínú 600 nínú ìdánwò agbára, tí kò sì gba ohun tó dín sí 80 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní bá téèpù pàdé mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun tó fi ọrùn sílẹ̀, tó jẹ́ pé ikùn ní ojú ìdodo àti ìwúwo nìkan ni wọ́n ń fi ṣírò nígbà náà.