Bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń gbé ìlú Berlin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé Yúróòpù, ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn. A kì í sábà rántí pé ará Amẹ́ríkà náà máa ń di àlejò nílùú onílùú. Àmọ́ ẹ lọ sí Berlin, olú ìlú Jámánì, ẹ ó rí i níbẹ̀: ó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba, ó di fáìlì mọ́ àyà, kò gbọ́ èdè, ó ń wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri bóyá ó ti kàn án. A kọ èyí fún ìdí kan. Àwọn ọmọ wa wà tí wọ́n jẹ lọ́tìrì Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti di ọmọ ìlú ọ̀hún, tí wọ́n sì ń rò ó báyìí pé àwọn á kọjá sí Jámánì nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí ìyàwó. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn kan fún wọn, yóò sì gbé ẹrù kan lé wọn lórí. Ó dáa kí wọ́n mọ méjèèjì.

Ará Amẹ́ríkà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé Berlin. Nígbà tí ogun parí ní 1945, orílẹ̀-èdè mẹ́rin pín ìlú náà láàárín ara wọn, apá gúúsù sì bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, láti Zehlendorf títí dé Neukölln. Ní oṣù kẹfà 1948, Soviet Union dí gbogbo ojú ọ̀nà ilẹ̀ tó wọ apá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó oúnjẹ àti èédú wọlé títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà ní oṣù karùn-ún 1949. Tempelhof, ọ̀kan lára ibi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń balẹ̀ sí, ti di pápá ìgbafẹ́ lónìí. Níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń sáré ni àwọn ọmọdé ti ń gun kẹ̀kẹ́. Orúkọ ọ̀gágun Lucius Clay wà lára títì Clayallee, ibẹ̀ náà ni ẹ̀ka ilé aṣojú Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwé fún ará ìlú wà. Ilé ìwé ìjọba kan tó ń jẹ́ John F. Kennedy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Àwọn ọmọ ogun ti kó ẹrù wọn lọ ní 1994. Ará Amẹ́ríkà tí ẹ máa bá pàdé lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni, olórin ni, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, tàbí ẹni tí ìfẹ́ fà wá.

Ilẹ̀kùn tó ṣí

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò gbọ́dọ̀ gba fíísà kó tó wọ ọkọ̀. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, a ò ní í tún un sọ. Ará Amẹ́ríkà ò gba fíísà kankan. Yóò balẹ̀ ní Berlin, yóò sì ní 90 ọjọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, òfin gbà á láyè láti béèrè ìwé ìgbélùú níbẹ̀ gan-an, láì padà sílé. Orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló ní irú àǹfààní yìí, Kánádà, Japan, Australia àti àwọn mélòó kan sí i. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ìwé tó jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú owó oṣù méjì, tí ọ́fíìsì wá ní kó dúró oṣù mẹ́rin, kí ló máa jẹ?

Ilé

Ká sòótọ́, ìwé ìgbélùú kọ́ ló le jù ní Berlin. Ilé ni. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni tó bá kó wọ ilé, àlejò ni o, ọmọ onílẹ̀ ni o, lọ forúkọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Anmeldung ni wọ́n ń pè é, Bürgeramt sì ni ọ́fíìsì ọ̀hún. Ẹ kàn fi wé mairie tiwa. Ará Amẹ́ríkà ò ní irú nǹkan báyìí nílé, ó máa ń yà á lẹ́nu pé ìjọba fẹ́ mọ ilé tó ń sùn. Kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé lóòótọ́ lẹni yìí kó wọ ilé òun. Láìsí ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà owó orí kò ní í dé. Láìsí nọ́ńbà yẹn, owó orí tó pọ̀ jù lọ ni ibi iṣẹ́ máa yọ nínú owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ pàápàá máa béèrè ìwé yẹn. Onílé ní tirẹ̀ fẹ́ rí ìwé owó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àti ìwé Schufa, ìyẹn èyí tó ń fi hàn pé ènìyàn kì í jẹ gbèsè sá lọ. Ẹni tó dé lánàá, níbo ló ti máa rí i? Gbèsè tó ti ń san déédéé fún 20 ọdún ní Chicago kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po: kò sílé nítorí kò síwèé, kò síwèé nítorí kò sílé.

Ọ̀nà tí púpọ̀ ń gbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú yàrá kan nínú ilé tí àwọn ẹlòmíràn jọ ń gbé, WG ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó rìnrìn àjò fún oṣù díẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé, kí ẹ tó san owó kankan, ẹ béèrè bóyá Anmeldung ṣeé ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, ẹ fura sí i. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó fojú rí ilé, ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn. Owó ìdúró tí onílé ń gbà, Kaution, òfin ò gbà kó kọjá owó ilé oṣù mẹ́ta, ẹ sì lè pín in san lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó ilé pàápàá ní orúkọ méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní “tútù” jẹ́ ti ilé nìkan. Èyí tó “gbóná” ní omi, ìmúlégbóná àti kíkó ìdọ̀tí nínú. Iná mànàmáná sábà máa ń dá wà. Bí wọ́n bá sì sọ pé ilé ṣófo, ó ṣófo lóòótọ́: ẹni tó ń kó jáde lè tú sítóòfù, kọ́bọ́ọ̀dù àti gílóòbù iná, kó gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Nǹkan kékeré kan wà tó ti fi ojú ọ̀pọ̀ rí màbo. Ilé Berlin kì í sábà ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ tó wà lára àpótí lẹ́tà àti agogo ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, lẹ́tà yóò padà síbi tó ti wá, títí kan lẹ́tà ìjọba tó ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pépà àti téèpù. Ọ̀kan nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó máa wá ni ti owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, 18,36 yúrò lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ ní tẹlifíṣọ̀n ni o, ẹ ò ní ni o.

Ní Bürgeramt yẹn náà ni wọ́n ti máa béèrè ẹ̀sìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Kátólíìkì lòun, tàbí pé òun wà nínú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀, yóò máa san owó ṣọ́ọ̀ṣì: ní Berlin, ìdá 9 nínú 100 owó orí rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà tó rò pé wọ́n kàn ń bá òun tàkúrọ̀sọ ni, ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé lojú rẹ̀ máa là.

Ìkíni, ariwo àti ìgò

Ní ti ìkíni, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ju ará Amẹ́ríkà lọ. Èdè Jámánì ní du fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé, ó ní Sie fún àgbà àti ẹni tí a ò mọ̀. Àwa tí a ń sọ ìwọ àti ẹ̀yin láti kékeré, tí a tún kọ́ tu àti vous nílé ìwé, a ò nílò àlàyé. Ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún ọba àti fún ajá. Àjà ilé náà ńkọ́? Ará Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ilẹ̀; ará Jámánì ń kà á bíi Faransé, ilẹ̀ ò sí nínú kíkà. Ẹni tí wọ́n ní kó gòkè wá sí àjà kẹta yóò lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ará Amẹ́ríkà tún máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀ rí lójú títì. Ní Berlin, wọ́n á wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ẹ kí gbogbo ilé, wọ́n á dáhùn. Èyí dùn mọ́ wa púpọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á ti mọ̀ pé àwọn ti kúrò nílé. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ti pa. Ilé búrẹ́dì kan lè ṣí láàárọ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá náà ń tà, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Späti sì wà fún ọtí àti bísíkíìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé láti ra ìrẹsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ti rí i he. Wọn ò gbọdọ̀ lu ògiri lọ́jọ́ yẹn, wọn ò gbọdọ̀ ju ìgò sínú àpótí ìgò, nítorí ariwo. Lójoojúmọ́ pẹ̀lú, láti agogo 22 alẹ́ títí di agogo 6 àárọ̀, kí ilé pa rọ́rọ́ ni. Ará ilé kò ní í bá yín jà. Yóò kọ pépà kan, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yín. Bí ẹ ò bá gbọ́, ó di lẹ́tà onílé.

Ìgò lówó lórí: ìgò ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan àti agolo jẹ́ sẹ́ńtì 25, ìgò bíà jẹ́ sẹ́ńtì 8. Ẹ máa dá wọn padà sínú ẹ̀rọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á fún yín ní ìwé, ẹ ó fi san owó ọjà. Ẹni tí kò bá fẹ́ rù ú lọ kì í jù ú sínú ìdọ̀tí. Ẹ̀bá àpótí ìdọ̀tí ló ń gbé e sí, kí ẹni tó ń fi ìgò wá oúnjẹ lè rí i mú.

Ọkọ̀ ò le. Kò sí irin tó dí ẹnu ọ̀nà ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ kàn máa wọlé; ṣùgbọ́n àwọn ayẹ̀wò tó wọ aṣọ ilé lásán wà nínú ọkọ̀, 60 yúrò sì ni ìtanràn. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò tirẹ̀ lè lo ìwé ìwakọ̀ Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ibi tó ti gba ìwé náà ló máa pinnu: ti Texas, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, ti Florida, yóò ṣe ìdánwò orí ìwé, ti New York tàbí California, yóò ṣe ti orí ìwé àti ti ojú ọ̀nà.

Àìsàn àti iṣẹ́ ni ibi tí ará Amẹ́ríkà ti máa ń sọ pé òun ò padà mọ́. Òfin ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Jámánì ní ìdánilójú ìlera. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ń pín owó rẹ̀ san. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, ọ̀gá yóò máa san owó oṣù rẹ̀ pé pérépéré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ó kéré tán ìsinmi 20 ọjọ́ lọ́dún, owó ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ò fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Nǹkan kan ló ń bí wọn nínú: oògùn orí fífọ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì kì í tà á, ilé ìpoògùn nìkan ni, páálí kékeré sì ni, kì í ṣe ike ńlá oní 500 hóró tó mọ́ wọn lára.

Ẹrù tó wà lórí

Ẹrù tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ rèé. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú wọn. Amẹ́ríkà ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Ẹni tó ti gbé Berlin fún 15 ọdún, tó ń san owó orí Jámánì lóṣooṣù, ṣì gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí IRS lọ́dọọdún, bí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye tí òfin dá. Títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni àwọn tó wà nílé ní. Ẹni tó wà lókè òkun ní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Nítorí pé òfin gbà kí wọ́n yọ owó tí ènìyàn ti san fún Jámánì, ọ̀pọ̀ kì í jẹ Amẹ́ríkà ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ò ṣeé má kọ.

Ìwé kejì tún wà, FBAR ni. Bí àpapọ̀ owó tó wà nínú gbogbo àkáǹtì yín lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà bá kọjá 10,000 dọ́là, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin tiwa: àkáǹtì Berlin nìkan kọ́. Èyí tí ẹ ṣí sí Cotonou láti fi kọ́lé fún ìyá yín wà nínú ìṣirò, àkáǹtì ẹgbẹ́ tí wọ́n fún yín láṣẹ láti fọwọ́ sí náà wà níbẹ̀. Ìtanràn ẹni tó fi pa mọ́ lè tóbi ju owó tó wà nínú àkáǹtì ọ̀hún lọ. Òfin míràn tó ń jẹ́ FATCA, ti 2010, tún ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n tú àwọn oníbàárà wọn tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà síta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìfowópamọ́ kan ní Jámánì kì í fi í fẹ́ ta ìpín okòwò fún wọn. Ọmọ tí ará Amẹ́ríkà bí sí Berlin, bí òbí náà bá ti gbé Amẹ́ríkà tó iye ọdún tí òfin sọ, ọmọ Amẹ́ríkà lòun náà, ẹrù yìí sì ń dúró dè é.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀: àdéhùn kan wà láàárín Jámánì àti Amẹ́ríkà láti 1979, tó jẹ́ kí wọ́n lè ka ọdún iṣẹ́ ìhín mọ́ tọ̀hún. Ìbò náà ò sọnù. Òfin 1986 fún ẹni tó wà lókè òkun láyè láti dìbò ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ìwé, ní ìpínlẹ̀ tó gbé kẹ́yìn, kó máa tún ìbéèrè rẹ̀ kọ lọ́dọọdún.

Tẹ́lẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ di ọmọ Jámánì sábà gbọ́dọ̀ kọ ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, púpọ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àlejò fún 30 ọdún. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2024: ẹni tó ti gbé Jámánì fún ọdún 5, tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó sì gbọ́ èdè dé ìpele B1, lè mú méjèèjì pọ̀. Ìwé owó orí Amẹ́ríkà yóò ṣì máa dúró dè é lọ́dọọdún.